Ìwé Kọfí Tí Èmi Nìkan Ń Rà

Okun o, olóòtú ètò, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ sáà ní àgbẹ̀ kọfí kan ní Ògìdì ni, tó ti ṣe tíṣà rí.

Àwọn onímọ̀ kan ń tẹ ìwé ìwádìí jáde láti ìgbà dé ìgbà lórí àrùn àti kòkòrò kọfí. Èmi nìkan ló ń rà á nílùú wa. Ṣùgbọ́n Ìbráhímù, tí oko wa jọ pààlà, gé ẹ̀ka kọfí rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ìwé náà ṣe wí. Ta ló kà á fún un? Mo fura sí Tinúadé, ìyàwó mi, torí epo pupa wà lójú ìwé náà, èmi kì í sì í mú ìwé wọ ilé ìdáná.

Mo bi í, kò tilẹ̀ sẹ́. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, bí kòkòrò bá jẹ kọfí Ìbráhímù tán, ṣé ààlà ni yóò dúró sí?"

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ ìwé náà ti kìlọ̀ pé bí òǹrà kò bá pọ̀ sí i, àwọn yóò dáwọ́ dúró. Ìbráhímù sì ń sọ pé òun ń bọ̀ wá rà á, ọdún ń gorí ọdún.

Ṣé kí n ti ìwé mọ́ àpótí ni, àbí kí n máa kà á sí gbogbo ayé létí? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣùgbọ́n ẹ tètè fèsì o. Rédíò Ìbráhímù ni mo fi ń gbọ́ yín, òun nìkan ló ń ra bátìrì, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí tìfuratìfura.