Ipa Ejò Nínú Àgbàlá Wa

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹrin, 1968
Ipa ejò nínú àgbàlá láàárọ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò kan ara wọn — paramọ́lẹ̀ oníwo ló ń fẹ̀gbẹ́ rìn bẹ́ẹ̀. Ìdí tá a fi ń fi imọ̀ ọ̀pẹ gbá iyanrìn nírọ̀lẹ́ nìyí: kí ilẹ̀ lè jẹ́rìí láàárọ̀. Bàbá Lakhdar, bàbá ìyàwó mi (Ojú Àṣá ni mo ń pè é níhìn-ín), bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Ó ti jáde. Ẹ lọ jẹun." Gbogbo Souf, ilẹ̀ aṣálẹ̀ wa yìí, ló gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tó bá ti ka ipa. Messaouda ìyàwó mi, olóyún oṣù méje, sì ń sùn sórí iyanrìn yẹn nítorí ooru yàrá.

Ajé, 8
Mo ka ìwé fún Ojú Àṣá: àwọ̀ ejò náà ò yàtọ̀ sí ti iyanrìn, á gbọn ara títí á fi rì, ojú àti ìwo méjì nìkan ló máa kù síta. Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ìwé rẹ ti tẹ ejò mọ́lẹ̀ rí?" Ẹ̀rín Messaouda ju tirẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́gun, 9
Ipa mìíràn. "Ó ti jáde," ni Ojú Àṣá wí. Lójú tèmi, ipa náà forí lé yàrá tá à ń kó àpò dàbínù sí, kò sì padà. Àbí mo ṣì í kà? Ìwé méjì ni mo yẹ̀ wò, wọn ò fohùn ṣọ̀kan. Ta ni mo jẹ́ tí màá já àgbà nírọ́ níwájú aládùúgbò? Mo dákẹ́.

Rírú, 10
Afẹ́fẹ́. Iyanrìn ò sọ nǹkan kan. N ò rí oorun sùn.

Bọ̀, 11
Mo ṣe ohun tí kò dáa. Mo gbá ilẹ̀ lọ́sàn-án, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, mo wá pe Ojú Àṣá: "Bàbá, èyí ńkọ́?" Ó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Ó ti jáde."
Kò ríran mọ́.

Ẹtì, 12
Mo sọ fún Messaouda. Kò dẹ́kun pípo ìyẹ̀fun. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Èmi ni mo ń ka ilẹ̀ kó tó jí. Tí mo bá ń bu tíì fún un, màá sọ ọ́ sí i létí. Àbí kí n jẹ́ kí wọ́n fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́?"
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun lọ́jọ́ náà, òun pẹ́ kí òun tó jí. Ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ gbogbo ilẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé ipa wà. Mo wá sọ ohun tí mo rí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìyẹ̀fun.
"O rí i pé ó wọlé. Òru mẹ́ta, Tahar. Òru mẹ́ta ni mo sùn síbẹ̀."

Àbámẹ́ta, 13
Ìdí àpò dàbínù ni ejò náà wà. Mo ń fi igi yí àpò, mo gbọ́ ìró kan — bí omi tó kán sórí irin gbígbóná. Ìpẹ́ ara rẹ̀ ló ń ha ara wọn. N ò rí i. Iyanrìn lásán ni mo ń wò. Bàbá tẹ́tí, ó nawọ́: "Ọ̀tún rẹ. Má gbésẹ̀ o." Mo lu ibi tó nawọ́ sí. Ejò náà gùn tó apá mi.
Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Messaouda ká ẹní rẹ̀, ó ń gbé e lọ sí yàrá bàbá rẹ̀. Mo ní ejò ṣáà ti kú.
"Bàbá mi ò ríran, ó sọ̀rọ̀," ló wí, kò wẹ̀yìn. "Ìwọ ríran, o dákẹ́."