Kànga Wa Nínú Kọ̀ǹpútà

Sọ́ńdè, 12 Júùnù 1988

"Omi dúdú ni! Ojú mi yìí ló ṣe! Ta ní ń fọ wàláà sínú kànga onílé? Oògùn ni, ọmọ mi ló kọ́kọ́ mú! Kó gbé ẹrù ẹ̀, kó máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wọn!"

Bó ṣe pariwo ẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn — ìyálé ìyá mi. Sáírẹ́nì ni n ó máa pè é níbí. Inú ń run Mubaraq ọmọ ẹ̀, ó ń ṣu omi. Màámi ní hàntú làwọn dà sínú kànga, àdúrà tí Àáfáà kọ sí wàláà tí wọ́n fi omi fọ̀, kí gbogbo ilé lè mu ún, kí ìjà tán.

Kí ìjà tán o!

Bàbá ń gé èékánná. Màámi ti lọ. Wọ́n ní ọmọ Bàbá ni mí, n ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé Màámi. Mo kórìíra gbogbo ilé yìí.

Túsìdè, 14 Júùnù

Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Jímọ̀, 17 Júùnù

Bọ̀dá Ìgò dé. Jayéọlá ni orúkọ ẹ̀, òun ló háyà yàrá iwájú. Ó ń kàwé nípa òkúta àti omi ní yunifásítì n'Ìbàdàn, ìgò oníke kún yàrá ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fi sùkúù sílẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tú, èmi ni mò ń bá a bu omi kànga káàkiri Ọ̀yọ́.

Mo bi í bóyá omi lè sọ ẹni tó bà á jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní omi ò lè dárúkọ èèyàn, àmọ́ ó lè sọ ibi tó ti wá. Kọ̀ǹpútà kan wà lọ́dọ̀ wọn, ètò inú ẹ̀ ń jẹ́ Fíríìkì — bí ìgbà téèyàn ń sín. Wọ́n á sọ ohun tó wà nínú omi kìíní fún un, wọ́n á sọ ti ìkejì, wọ́n á ní kó dà wọ́n pọ̀: méjì sí ọ̀kan, mẹ́ta sí ọ̀kan. Á sọ irú omi tó máa jáde. Tíyẹn bá bá omi kẹta mu, a jẹ́ pé ibẹ̀ lomi kẹta ti wá. Láìda ẹ̀kán omi kan!

Ó fura sí ṣáláńgá wa. Ẹ̀gbẹ́ kànga ni Bàbá ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí lọ́dún tó kọjá.

Sátidé, 18 Júùnù

Omi mẹ́ta. Kànga mọ́ṣáláṣí, tó mọ́. Kànga àpatì ẹ̀yìn ṣáláńgá, tí ìdọ̀tí ẹ̀ ń jò sí — mo dí imú. Tiwa ló kù. Bọ̀dá Ìgò ní kí n bu ìyẹn, kí n dé e, ó gun alùpùpù ẹ̀ lọ ra epo. Omi wa rú bí omi ìfọṣọ. Ojú tì mí. Omi ilé wa tó ń lọ Ìbàdàn! Mo ju álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, bí a ṣe ń ṣe sí omi àmù. Ó tòrò. Ó ń dán.

Wẹ́sìdè, 29 Júùnù

Mo ti kó bá Màámi.

Bọ̀dá Ìgò ti Ìbàdàn dé, ojú ẹ̀ ò dáa. Ó ní bó ti wù kóun da omi méjèèjì pọ̀ tó nínú kọ̀ǹpútà, omi wa ò jáde. Nǹkan kan wà nínú tiwa, súlféètì, tó pọ̀ jù, kò sì pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn méjì yòókù. Ó ní àfi bí ẹnì kan bá da nǹkan sí i.

Sáírẹ́nì ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀rọ òyìnbó gan-an ti jẹ́rìí!" Ó jó. Bàbá ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Màámi nínú ilé yìí mọ́.

Álọ́ọ̀mù. Álọ́ọ̀mù mi ni.

Tọ́sìdè, 30 Júùnù

Mo sọ fún Bọ̀dá Ìgò. Mo kúnlẹ̀. Mo rò pé á gbá mi létí. Ó kàn ní, "Asíyà, o kun omi ní pọ́dà kó tó lọ ya fọ́tò." Ẹ̀rín pa wá, èmi ń sunkún. A tún omi bù. Òun fúnra ẹ̀ ló dé e.

Mọ́ńdè, 4 Júláì

Sáírẹ́nì ní ọwọ́ mi ò gbọdọ̀ kan okùn kànga.

Jímọ̀, 15 Júláì

Ó jáde! Omi mọ́ṣáláṣí mẹ́ta, omi ẹ̀yìn ṣáláńgá ọ̀kan — tiwa gẹ́lẹ́. Bọ̀dá Ìgò tẹ́ bébà gígùn kan sílẹ̀ ní pálọ̀, ihò wẹẹrẹ wà létí ẹ̀. Mo bi í bóyá kọ̀ǹpútà lè yọ omi burúkú kúrò. Ó ní rárá o. Bàbá wo bébà náà títí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀." Sáírẹ́nì ní oorun ń kun òun.

Lẹ́yìn ìrun, Bàbá pè mí. "Lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la. Sọ fún ìyá ẹ pé omi ti dá a láre. Kó máa bọ̀ wá ṣe Iléyá nílé."

Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún nìyí. N ò lè jẹun.

Sátidé, 16 Júláì. Ògbómọ̀ṣọ́.

Màámi ti sanra. Àwọn àti Àǹtí Mọ̀ríámọ̀, ẹ̀gbọ́n wọn, ni wọ́n jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Tákìẹ́. Kí n tó wọlé ni mo ti gbọ́ ohùn wọn. Orin ni wọ́n ń kọ. N ò gbọ́ orin lẹ́nu wọn rí nílé wa.

Mo sọ ti omi fún wọn. Wọ́n dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. "Ṣé kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó gbà mí gbọ́?" Wọn ò bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń tẹ máṣíìnì lọ.

Àǹtí ní, "Bàbá ẹ wá ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní kí wọ́n fún mi lómi. Mo mu ún tán. Mo ní Bàbá ní kí n kí wọn.

Ìyókù iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, n ò ní jẹ́ ẹ. Tí mo bá délé lọ́la, n ó ní mo ti jẹ́ ẹ, Màámi ní àwọn ti gbọ́. Èmi nìkan ni n ó wà lọ́dọ̀ Sáírẹ́nì lọ́jọ́ Iléyá.

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ orin yẹn.