Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Apọnmi

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà

Ìdíje kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ lọ́dún yìí. Òjò. Atẹ́gùn tó ń gba fìlà lórí ẹni. A dúró létí ọ̀nà láti àárọ̀, wọ́n sì kọjá kí n tó mí kanlẹ̀. Ariwo táyà lórí òkúta, bí ìgbà tí ẹnìkan da ẹ̀wà sínú páànù — lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó, orí mi ṣì ń wú. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ènìyàn ń wa kẹ̀kẹ́. Kí ló tún kù níbẹ̀?

Apọnmi wa wà níwájú, ó ń dí afẹ́fẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀, ẹni tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ kó borí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ la máa ń rí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Ọkọ mi, Ààrẹ ẹgbẹ́ àwa olólùfẹ́ Apọnmi, fọ àsíá wa, ó sá a sẹ́yìnkùlé. Aládùúgbò béèrè bóyá ìjọba tuntun ti dé.

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ilé bíà Godelieve, lẹ́yìn ìsìn. Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n wò ó bóyá ó mọ́gbọ́n dání: Jorne Vandewalle, Apọnmi wa, ọmọ alápatà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun. Kò borí rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa padà sẹ́yìn lọ bá ọkọ̀ ẹgbẹ́ wọn, kó kó igò omi sínú ẹ̀wù títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi wú bíi ti ràkúnmí, kó tún sáré padà lọ pín in. Bí táyà ọ̀gá bá jò, kó yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ fún un. Nítorí ọkùnrin yìí ni gbogbo abúlé wa ní Flanders ṣe ní àsíá, bọ́ọ̀sì, àti ààrẹ — Wannes, ọkọ mi, tí kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́ láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ìyá Jorne wọlé, kò bọ́ kóòtù. Ó ní àdéhùn ọmọ òun ń parí lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti sọ fún un pé kó fi ara rẹ̀ hàn kí oṣù yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ sílé. Godelieve gbé bíà ka iwájú rẹ̀. Ó ní, "Jókòó, ìyá ọmọ. Ẹni tó ti ń pọnmi fún gbogbo ayé, ó yẹ kí òun náà mu díẹ̀." Ọ̀kan nínú àwọn ará abúlé kejì, àwọn tí ọmọ tiwọn máa ń borí, fọhùn látẹ̀yìn: "Ẹ fọkàn balẹ̀, a ó máa wá ra ẹran lọ́wọ́ ẹ̀." Ààrẹ dá a lóhùn pé, "Ọ̀bẹ ẹ̀ á mú ju ẹnu ẹ lọ." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Jorne kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo tún ń ka ìtàn ìgbẹ́jọ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó lo oògùn agbára. Gbogbo àwọn tí bàbá mi gbé àwòrán wọn kọ́ sára ògiri — oògùn, oògùn, oògùn. Ó sunkún nígbà kan nítorí ọ̀kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó máa ń sunkún. Ní báyìí, bí mo bá rí ẹni tó ń gun òkè bí ẹni tó ń sọ̀ ọ́, inú mi á dùn, ohùn kan á sì bi mí: kí ló wà nínú igò yẹn?

Apọnmi ńkọ́? Mi ò lè bi Ààrẹ. Yàrá kejì ni yóò lọ sùn.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Iṣẹ́ dé. Ẹgbẹ́ Jorne pe Ààrẹ. Níbi Ìdíje Àfonífojì Schelde, ọ̀nà Òkè Zwaluw há jù fún ọkọ̀ wọn, nítorí náà kí a dúró sí ìsàlẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì, de ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò. Ìsàlẹ̀ — wọ́n tún un sọ. Ibẹ̀ ni òkúta ti yọ ṣóńṣó. Àwọn olólùfẹ́ tí wọ́n bá fọkàn tán nìkan ni wọ́n ń rán nírú iṣẹ́ yìí.

Ààrẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wa. Ó ń wò wọ́n bí ìbejì.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

A lọ fi ẹfun kọ orúkọ Jorne sójú ọ̀nà, láti ìsàlẹ̀ Òkè Zwaluw dé òkè pátápátá. Ẹ̀yìn ń dun gbogbo wa. Ọ̀la ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

A dé ìsàlẹ̀ òkè ní kùtùkùtù, bí wọ́n ṣe sọ. Igbó ẹlẹ́gùn-ún lọ́tùn-ún, ògiri lósì. A ò rí nǹkan kan. Rédíò kékeré Godelieve ní àwọn mẹ́rin ti já síwájú: Jorne, ọ̀gá rẹ̀ Overgaard ará Denmark, àti àwọn méjì mìíràn. Ó ti ń rẹ ọ̀gá, wọ́n ní, ṣùgbọ́n Jorne — wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì — Jorne ló lágbára jù nínú wọn. A ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Godelieve ló sọ ọ́. "Ààrẹ, tá a bá wà lókè, a máa rí i látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Níbí, fìrì lásán ni." Ààrẹ ní iṣẹ́ ni wọ́n rán wa. "Iṣẹ́ wo? Táyà ta ló ti jò lónìí? Ọmọ wa fẹ́ borí, ìwọ fẹ́ máa wo ògiri." Ààrẹ wo ojú mi. Èmi tí mo máa ń bi gbogbo nǹkan léèrè, n kò béèrè kankan. Mo gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan, ó gbé èkejì, a gùn lọ sókè, àsíá níwájú.

Ó dára lóòótọ́. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tútù, odò, àwọn mẹ́rin bí eèrà lẹ́yìn ara wọn. Jorne ló ṣíwájú. Wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ òkè, a sì gbọ́ ọ — pàà. Táyà ọ̀gá. Ibi tí a ti dúró tẹ́lẹ̀ gan-an.

Jorne ti gun díẹ̀. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lójú ọ̀nà náà. Ó bojú wẹ̀yìn. Ó dúró. Ó padà sísàlẹ̀, ó yọ ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi sí kẹ̀kẹ́ ọ̀gá, ó sì ti ọ̀gá látẹ̀yìn kó lè gbéra. Kò sí ìbínú kankan nínú ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni mo ń rí títí di ìsinsìnyí: ọwọ́ yẹn, bí ẹni tó ń bá ọmọdé de okùn bàtà.

Ààrẹ ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá kọjá lára rẹ̀. Àwọn tó ń lé wọn kọjá, gbogbo wọn. Jorne gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan lé èjìká, ó ń rìn bọ̀ lórí òkúta, bàtà rẹ̀ ń yọ̀. Wọ́n pàdé ní àárín òkè. Ààrẹ na ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sí i. Jorne gba ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà, ó ní, "Ẹ kú ìdúró, Ààrẹ."

Overgaard ló borí. Jorne dé nígbà tí wọ́n ti ń tú àgọ́.

Oògùn lè fún ènìyàn lẹ́sẹ̀. Èwo nínú wọn ló ń fún ènìyàn nírú ọwọ́ yẹn?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ààrẹ kò jẹun. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Jorne wá sí ilé Godelieve. Ó rù ju bó ṣe ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n lọ. Ààrẹ dìde níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Ọmọ mi, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ní ká dúró." Jorne ní òun mọ̀. Láti etí odò lòun ti rí àsíá wa lókè, òun ti mọ̀ pé kò sẹ́ni nísàlẹ̀.

"O mọ̀, o ṣì padà?" Godelieve ló béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Táyà ọ̀gá ló jò. Kí ni ǹ bá ṣe?" Kò fi ṣe fáàrí. Ó ń béèrè ni, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí òun ò rí.

Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa pé ẹgbẹ́ òun ti pe òun lọ́jọ́ Ẹtì. Kò sí àdéhùn tuntun. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò yóò rọ̀. Ará abúlé kejì yẹn ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mọ́ àyà. Jorne yíjú sí Ààrẹ. Ó ní, "Ẹ má kábàámọ̀ pé ẹ gun òkè. Kò sẹ́ni tó dúró dè mí lókè rí. Ọ̀gá ni wọ́n máa ń dúró dè."

Ìyá rẹ̀ bu pòtétò díndín fún un. Ó jẹ mẹ́ta, ó rántí ìdíje ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti àwo náà sí Ààrẹ.

Àìkú, ọjọ́ keje oṣù Igbe

Ọjọ́ Ronde, ìdíje kẹ̀kẹ́ tó tóbi jù lọ nílẹ̀ wa. Gbogbo Flanders wà létí ọ̀nà. Àwa wà nísàlẹ̀ Òkè Zwaluw, láàárín igbó ẹlẹ́gùn-ún àti ògiri, Ààrẹ di ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo yẹn mú. Ẹnikẹ́ni kò rán wa. Àsíá wà ní kíká. A ò rí nǹkan kan.

Fìrì. Ariwo ẹ̀wà nínú páànù. Lẹ́yìn gbogbo wọn, òun, ẹ̀yìn ràkúnmí, ó ń lọ pín omi. Ó rí wa. Ó dẹwọ́ díẹ̀, ó fa igò kan yọ látinú ẹ̀wù, ó fi lé mi lọ́wọ́. Kò jù ú o. Ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó sì lọ.

Táyà ẹnikẹ́ni kò jò.

Igò náà wà níwájú mi báyìí. Ààrẹ ní kí n gbé e sórí pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá mi. Mo ní kó dúró ná. Mo ṣí i. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò.

Omi. Omi ẹ̀rọ lásán, tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lára rẹ̀.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Mo mu ún tán.