Ọ̀rọ̀ Ìkẹ́dùn fún Ìdílé Bàbá Ìjánu, Tó Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa Bí A Ṣe Ń Ṣubú

Sí Màmá wa, aya olóògbé, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ẹ̀rín tí a ò mọ ibi tí a máa kó o pamọ́ sí, ni àwa Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Agẹṣin fi gbọ́ pé Bàbá Ìjánu ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin ayé. Ẹni tó bá gun ẹṣin, bó pẹ́ bó yá, ilẹ̀ ló ń bọ̀. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Bàbá yìí yá jù lójú tiwa.

Wọ́n ní orí àga ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tòun ti bàtà agẹṣin lẹ́sẹ̀. Màmá, kò sẹ́ni tí kò mọ àríyànjiyàn ẹ̀yin méjèèjì nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ̀yin á ní, "Ẹṣin ló máa pa yín, bàbá yìí." Òun á ní, "Irọ́ ni, ìyá ọmọ mi. Orí àga mi ni màá kú sí, lẹ́yìn tí mo bá ti jẹun yó." Ẹ wá wo bó ṣe borí, tí kò tiẹ̀ dúró kí ẹ fún un lésì. Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti sọ ọ̀rọ̀ tó dùn tán, á rọra yẹra.

Oníṣẹ́ awọ ni Bàbá kó tó di olùkọ́. Gàárì ló ń rán, ìjánu ló ń tún ṣe. Nígbà tó sọ fún wa pé òun fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò lẹ́ṣin gígun ní pápá tó wà lẹ́yìn ilé ìlagi, ohun tó ní lọ́wọ́ kò ju ẹṣin mẹ́ta lọ: ọ̀kan ń tiro, ọ̀kan ti darúgbó, ìkẹta sì ya ọ̀lẹ. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ẹṣin ló fẹ́ kọ́ wọn ni àbí sùúrù? Bàbá ní, "Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín." Ó lọ tọrọ lẹ́búlẹ́bú igi lọ́wọ́ àwọn alági, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún àwọn ẹṣin, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, a ti rí nǹkan. A rí ọmọ tí kì í wo ojú ènìyàn, tó jẹ́ pé etí ẹṣin ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí, ṣùgbọ́n lónìí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó dákẹ́ díẹ̀. A rí èyí tí kì í jí láàárọ̀ àfi tí wọ́n bá da omi lé e lórí, tó wá ń ṣáájú àkùkọ dé ilé ẹṣin nítorí pé ẹran tó gbọ́kàn lé e ń retí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká máa ka gbogbo wọn, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹnì kan péré, ẹ̀yin náà á sì mọ ẹni tí à ń sọ.

Ata Wẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó kéré bí ata náà, ó sì ta jù ú lọ. Ìyá-ń-ránṣọ, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń tọ́ ọ, ló fà á lọ́wọ́ wá sí pápá. Ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ ti fi ọwọ́ fa etí rẹ̀ pé bó bá tún ja ìjà ẹyọ kan sí i kí sáà tó parí, kó lọ wá ilé ìwé mìíràn. Ilé ìwé mìíràn ọ̀hún kò sì sí, torí ó ti jà kúrò nínú àwọn yòókù.

Ìyá-ń-ránṣọ ní, "Bàbá, ẹ bá mi fi ẹṣin lé ìbínú ọmọ yìí lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi gan-an ni màá sá nílé."

Bàbá wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀. Wíwò ọ̀hún kò pẹ́, ọmọ ò ga. Ó ní, "Kí ló dé tí o fi máa ń jà?"

"Ẹni tó bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo máa ń gbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹṣin kì í fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Á kàn kọ ẹ̀yìn sí ẹ ni."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ẹṣin tó ya ọ̀lẹ, èyí tí à ń pè ní Ọ̀gá Ọ̀lẹ, ni wọ́n fún un. Bí Ata Wẹ́ẹ́rẹ́ bá ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ojú tó le, tó pariwo pé "Wá síbí!", Ọ̀gá Ọ̀lẹ á yí ìdí sí i, á máa jẹ koríko rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, ẹ forí jì wá, ó tiẹ̀ só sí i. Ọmọ yìí kọ́kọ́ fẹ́ bá a jà. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń gbá ẹṣin létí? Díẹ̀díẹ̀ ló rí i pé bí òun bá dúró, tí òun mí kanlẹ̀, tí òun sì rọ èjìká sílẹ̀, ẹran náà á yíjú padà, á sì máa bọ̀ wá fúnra rẹ̀. Ó di ọmọ tó ń gun ẹṣin.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣubú.

Ẹ̀yin náà mọ òfin Bàbá. Ẹnikẹ́ni tó bá já bọ́ láti orí ẹṣin gbọ́dọ̀ dojú garawa dé, kó gun orí rẹ̀, kó sì ka ìròyìn ìṣubú rẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ bí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, kí gbogbo wa rẹ́rìn-ín, kó tó tún gun ẹṣin. Bàbá ní, "Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ fi ìṣubú ara rẹ̀ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, kí ló tún kù tí wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀?" Àwọn ọmọ fẹ́ràn òfin náà débi pé a fura sí àwọn kan pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú.

Ata Wẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ sínú ẹrẹ̀, níṣojú gbogbo ènìyàn. Wọ́n gbé garawa wá. Ó wò ó bí ẹni wo ejò.

"Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, màá fọ́ ọ lẹ́nu."

Bàbá ní, "Kò sí ìròyìn, kò sí ẹṣin."

Ó ní kò burú. Ṣé ẹ mọ̀ pé kò kúrò? Ojoojúmọ́ ló ń wá. Á gbá ilé ẹṣin, á fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́, á gbọn eruku ara Ọ̀gá Ọ̀lẹ títí tí ara ẹran náà fi ń dán, ṣùgbọ́n kò gun garawa, Bàbá ò sì jẹ́ kó gun ẹṣin. Ìyá-ń-ránṣọ wá bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Bàbá, sáà kù díẹ̀ kó parí, ẹṣin yìí nìkan ló ń mú un rọ̀. Ẹ gbé e gun ẹṣin, ẹ jọ̀ọ́." Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìyá-ń-ránṣọ, gbígbé e gun ẹṣin ò nira. Ta ló máa bá a gun garawa?"

Ọjọ́ tí a pe àwọn òbí wá wòran ló wá ṣẹlẹ̀. Màmá, ẹ̀yin lẹ lọ aṣọ funfun tí Bàbá wọ̀. Ó le jù lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ńṣe ló ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi páálí ṣe. Gbogbo òbí pé. Ọ̀gá ilé ìwé Ata Wẹ́ẹ́rẹ́ náà wà lórí ìjókòó iwájú, pẹ̀lú ojú ẹni tó wá wo ohun tí kò gbà gbọ́.

Ata Wẹ́ẹ́rẹ́ ni Bàbá ní kó di gàárì mọ́ Ọ̀gá Ọ̀lẹ. Ẹran yìí sì ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kan. Bí ẹ bá ń fa ọ̀já gàárì mọ́ ọn nínú, á fa afẹ́fẹ́ sínú, ikùn á wú bí ìlù. Bí ẹ bá ti yísẹ̀ padà, á tú u jáde, ọ̀já á sì dẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi máa ń pariwo lójoojúmọ́ pé, "Ẹ mú un rìn díẹ̀, kí ẹ tún fà á!" Ata Wẹ́ẹ́rẹ́ fà á lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe fẹ́ mú un rìn báyìí, ọmọkùnrin elétí ńlá kan kọjá, ó fi ọ̀rọ̀ garawa tó kọ̀ láti gùn bú u, ó ní, "Ìyàwó garawa, báwo ni?" Kí Ata Wẹ́ẹ́rẹ́ tó fún un ní èsì tó tọ́ sí i tán, wọ́n ti wá mú ẹṣin lọ. Bàbá náà, níbi tó ti ń kí àwọn òbí, tó ń gba "ẹ kú iṣẹ́", kò wo ọ̀já. Ó gùn ún lọ tìyangàtìyangà.

Ó sọ ohùn di ti àlejò pàtàkì. "Ẹ̀yin òbí wa, ohun àkọ́kọ́ tí ẹṣin ń kọ́ ọmọ ni ìdúróṣinṣin..."

Gàárì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò yára o. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Bàbá ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó tẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ò dúró, títí ó fi rọ̀ sábẹ́ ikùn ẹṣin bí àdán, tòun ti aṣọ funfun. Ọ̀gá Ọ̀lẹ tẹrí ba, ó ń jẹ koríko. Nígbà tó yá, Bàbá bọ́ sílẹ̀ gbì.

Ata Wẹ́ẹ́rẹ́ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀já òun ni. Ọ̀gá ilé ìwé ló jókòó síwájú yẹn. Ó tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dé ẹnu géètì kó tó gbọ́ ohùn Bàbá pé, "Ẹ gbé garawa wá!"

Bàbá gùn ún. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì ẹṣin sẹ́nu bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Èyí ni ìròyìn ọ̀sán. Agẹṣin àgbà kan ti lọ bẹ ikùn ẹṣin wò lónìí. Ó ní koríko ibẹ̀ tutù. Àwọn olùwádìí wa ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò wo ọ̀já kó tó gùn ún. Orúkọ ọ̀daràn náà ni Bàbá Ìjánu. Ìyàwó rẹ̀ tó lọ aṣọ funfun náà ni a kò tíì rí ẹni tó máa lọ sọ fún."

Àwọn òbí ò mọ ìgbà tí wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò dárúkọ ọmọ kankan. Ohun tó sì mú ẹsẹ̀ Ata Wẹ́ẹ́rẹ́ wúwo ní géètì nìyẹn. Ì bá jẹ́ pé ó dárúkọ òun, ì bá ti sá lọ.

Ó padà wá. Ó dúró níwájú garawa. Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀." Bàbá sọ̀. Ọmọ gùn ún.

"Àtúnṣe ìròyìn. Èmi ni mo dì í. Afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹṣin, ìbínú ló kún inú tèmi. Nígbà tí tirẹ̀ jáde, tèmi ò tíì jáde. Bí mo ṣe kúkú ti wà níbí, ẹ jẹ́ kí n fi ti ọjọ́sí kún un. Mo já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹnu mi wà ní ṣíṣí nítorí pé mò ń ṣe fáàrí lọ́wọ́. Mo mu nínú omi ẹrẹ̀ náà. Ẹṣin ti kọ̀ ọ́ kí n tó dé ibẹ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Elétí ńlá yẹn ni. Gbogbo wa di ara wa mú. Ìyá-ń-ránṣọ bo ojú. Ata Wẹ́ẹ́rẹ́ wò ó, ó mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tó ń pe Ọ̀gá Ọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà lòun náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́ẹ̀ já bọ́ láti orí garawa. Awò ojú ọ̀gá ilé ìwé já bọ́ ṣáájú.

Kò jà mọ́ títí sáà fi parí. Kì í ṣe pé wọn ò tọ́ ọ níjà. Wọ́n tọ́ ọ. Bí inú rẹ̀ bá ti ń wú fún ìbínú, á rìn yí kíláàsì ká lẹ́ẹ̀kan kó tó fèsì. Ọ̀gá ilé ìwé bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní, "Mò ń mú un rìn díẹ̀ ni, Mà." Wọn ò lé e. Ó jáde ní ilé ìwé náà lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó padà wá bá wa, ó sì di igbákejì Bàbá. Gbogbo ọmọ tó bá ti ń ta bí ata, òun ni Bàbá ń fà á lé lọ́wọ́.

Màmá, ohun tí Bàbá fi sílẹ̀ nìyí, a ò sì ní jẹ́ kó tú. Ẹṣin iwájú ni t'ẹ̀yìn ń wò sáré. Pápá kò ní tì. A ti fẹnu kò pé Ata Wẹ́ẹ́rẹ́ ni olùkọ́ àgbà báyìí. Ọ̀gá Ọ̀lẹ kò ní lọ sí ọjà kankan. Ọ̀dọ̀ wa ni yóò ti máa ṣọ̀lẹ rẹ̀ títí ọjọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa pín ara wọn wá sọ́dọ̀ yín láti pọnmi, láti gbálẹ̀, àti láti jókòó tì yín lásán. Bí wọ́n bá pariwo jù, ẹ lé wọn. Wọ́n á padà wá.

Ó ku ohun kan. Ata Wẹ́ẹ́rẹ́ ló bẹ ìgbìmọ̀ pé òun ni kí a rán wá ka ọ̀rọ̀ yìí sí yín létí. Ó ní òun ò ní sunkún. A lẹ ìwé náà pa kó má bàa kà á tẹ́lẹ̀, nítorí náà, ibi tó ti bá orúkọ ara rẹ̀ pàdé, iwájú yín náà ni. Bí ohùn rẹ̀ bá ti dẹ̀ ní ibi tó dé yìí, ẹ má sọ fún un pé pẹ̀lẹ́. Ẹ kàn sún fún un lórí ìjókòó, Màmá, kó jókòó tì yín. Ọmọ yín ni.

Ọlọ́run tó fún wa ní Bàbá Ìjánu, kó di ẹ̀yin tó kù mú ṣinṣin. Kó fi ọwọ́ tútù kàn yín lára. Lọ́jọ́ tí ẹkún bá fẹ́ bò yín mọ́lẹ̀, kó rán ẹ̀rín bàbá yìí sí yín láti ibi tí ẹ ò ti retí rẹ̀. Kó sì jẹ́ kí ilé yín máa gba àwọn ọmọ tó ń bọ̀ yìí, títí ojú yín yóò fi rí ọmọ wọn náà. Àmín.

Akọ̀wé,
lórúkọ gbogbo Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Agẹṣin