Òṣèré ni Fèyíṣará, Kì í Ṣe Oníṣòwò

Ayédé-Èkìtì,
Oṣù Kẹjọ, 2001.

Káyọ̀dé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí. Ìyá rẹ ṣì wà ní mọ́ṣúárì, ìwọ la ń dúró dè.

Wọ́n ka ìtàn ayé rẹ̀ tí o kọ fún ìsìnkú sí mi létí. Oníṣòwò aṣọ kẹ̀? Ọdún méjì péré ni ẹ̀gbọ́n mi Fèyíṣará fi taṣọ! Ọdún mọ́kànlélógún ló fi bá ẹgbẹ́ eléré kiri nínú lọ́rì. Ọ̀gá wọn fẹ́ fi í ṣaya bíi ti àwọn obìnrin yòókù nínú ẹgbẹ́, kó má baà lọ. Fèyíṣará ní iṣẹ́ lòun wá ṣe. Nígbà tí wọ́n gbé sinimá rẹ̀ wá sí Ìkọ̀lé, ó kú nínú rẹ̀. Ìyá wa rò pé òótọ́ ni, kò jẹun títí Fèyíṣará fi wọlé lọ́jọ́ kẹta, tó ní, "Yèyé, ebi ń pa mí."

Bó o bá ń tijú, èmi ò tijú. Pa oníṣòwò rẹ́, kọ òṣèré. Bí àlùfáà bá ka tàkọ́kọ́ yẹn, n ó dìde láàrin ṣọ́ọ̀ṣì, n ó ní irọ́ ni.

Mú àwòrán rẹ̀ níbi tó ti dé adé lórí ìtàgé bọ̀. Òun la ó lò fún pósítà. Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀.

Èmi àbúrò ìyá rẹ,
Dọ́kásì