Ìyá Àgbà Meliya Lọ Bèèrè Owó Ogbó Mi

Tiyamike ọmọ mi,

Ìyá àgbà Meliya ti lọ sí ọ́fíìsì ní Blantyre. Mo ní ìyá àgbà Meliya o, tí èmi àti ìwọ jọ da yẹ̀pẹ̀ lé lórí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí òjò pa wá níbi ìsìnkú wọn. Ọ̀sán òní Ọjọ́rú náà ni, níbi tí a ti ń wọn ewé tíì, akọ̀wé Likoswe pè mí láàárín gbogbo èèyàn, wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ pé ìyá mi àgbà ti ṣáájú mi dé ọ́fíìsì owó ogbó ni, pé wọ́n wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú káàdì dání, wọ́n tẹ̀ka, wọ́n sì bèèrè pé èló ló máa kan àwọn tí èmi Fanesi bá kú.

Mo kí ẹ o, mo ti gbàgbé láti kí ẹ. Ṣé ara le? Ṣé ìyá aránṣọ tó gbà ẹ́ síṣẹ́ ti ń fún ẹ lówó lásìkò? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣi ẹsẹ̀ gbé nígboro. Àwa náà wà, àmọ́ ìpá abẹ́ ikùn Dalitso àbúrò ẹ ti tó ẹyin adìyẹ, tó bá ń sunkún á le gbandi. Dókítà ọsibítù àwọn míṣọ̀n ní kí a mú un wá fún iṣẹ́ abẹ kí òjò tó dé, kí a sì mú owó dání. Bàbá ẹ ṣì wà ní Joni, ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti lọ wá iṣẹ́, wọn ò fi owó ránṣẹ́, wọn ò kọ lẹ́tà, bí ẹni tí ilẹ̀ gbé mì.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọgbà tíì ní kí kálukú yan ilé iṣẹ́ tó máa bá a tọ́jú owó ogbó ẹ̀ tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa. Ilé iṣẹ́ méjì ló wá. Èkíní rán ọmọkùnrin kan tó sanra, bàtà ẹ̀ ń dán, ó ń pín ọṣẹ. Èkejì rán bàbá kan tó gbẹ bí igi, orí ẹ̀ funfun, kò pín nǹkan kan. Gbogbo wọn sáré lọ sídìí ọṣẹ. Èmi yan bàbá yẹn, mo ní ẹni tó máa tọ́jú owó ogbó, ó yẹ kó ti fojú ara ẹ̀ rí ogbó, àti pé ẹni tó gbẹ tó báyẹn ò tíì jẹ owó ẹnì kankan. Àwọn obìnrin fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí n lọ máa fi ewú orí bàbá fọ aṣọ ọmọ mi.

Fọ́ọ̀mù wọn wá bi mí pé ta ló máa gba owó náà tí mo bá kú. Tiyamike, ta ló ń bi abiyamọ tọ́mọ wà lẹ́yìn ẹ̀ ní irú ìyẹn? O kúkú mọ ilé wa. Tí mo bá kọ bàbá ẹ, àwọn èèyàn wọn á máa ka ọjọ́ mi. Malume Samisoni ńkọ́? Àbúrò màmá mi ni wọ́n lóòótọ́, àwọn ni olórí ẹbí, àmọ́ ìyá àgbà tó bí wọn, sàréè wọn ò tíì gbẹ tí Malume fi kó ìkòkò wọn lọ. Tí mo bá kọ ìwọ, tí orí bá kàn fọ́ mi, wọ́n á ní ìwọ lo fẹ́ jẹ ogún. Mo rò ó, mo rò ó, mo kọ Meliya. Òkú ò lè jèrè ikú ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn, mo ní mo ti gbọ́n ju fọ́ọ̀mù lọ. Malume bi mí pé orúkọ ta ni mo kọ, mo sọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ìpá Dalitso yìí ló jẹ́ kí n lọ bá Likoswe. Wọ́n ní mo lè yá díẹ̀ nínú owó ogbó náà, kí n máa san án padà pẹ̀lú èlé. Mo ní owó ta ni? Wọ́n ní owó mi. Mo ní ta ni mo máa san èlé fún? Wọ́n ní ara mi. Mo gbé e lọ́kàn títí agbọ̀n tíì mi fi kún. Ohun tó yé mi ni pé Fanesi arúgbó kan wà ní Blantyre, ó jókòó sórí ẹní, ó fi owó sábẹ́ aṣọ, èmi ni mo sì fẹ́ lọ tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi. Mo ní ìyá, ẹ má bínú, ọmọ ni ò yá, mi ò ní jẹ́ kí ebi pa yín.

Àfi ohun tí Likoswe sọ lónìí. Mo jókòó sórí àpò tíì. Mo ní mo pe òkú sí ọ̀rọ̀ owó, òkú sì ti dáhùn. Mo ti ń rò ó bí mo ṣe máa lọ bẹ̀ wọ́n ní sàréè. Àmọ́ o mọ̀ mí, ojú mi kì í sùn. Mo ní kí Likoswe bá mi bèèrè bí obìnrin náà ṣe rí. Wọ́n pe ẹni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ lórí fóònù. Ẹni náà ní obìnrin yẹn fi aṣọ bo ojú, ó ń wúkọ́, ó sì wọ sílípáàsì rọ́bà, ẹsẹ̀ kan pupa, ẹsẹ̀ kejì búlúù.

Ọmọ mi, òkú kì í wọ sílípáàsì. Ojú ẹ náà ni ajá ṣe gbé ẹsẹ̀ kan bàtà Eniya, ìyàwó Malume, lọ ní Kérésì, tó fi ń wọ oríṣi méjì káàkiri. Káàdì ìyá àgbà sì wà nínú àpótí tí Malume gbé lọ lọ́jọ́ ìsìnkú.

Láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn, àwọn méjèèjì ò yà sọ́dọ̀ mi rí. Láti ọjọ́ Àìkú yìí wá, ojoojúmọ́ ni Eniya ń gbé thobwa, ògì àgbàdo mímu, wá, ó ní kí n mu ún gbígbóná kí omi ọmú lè wá fún Dalitso. Mo mu ún lọ́jọ́ Àìkú. Mo mu ún lọ́jọ́ Ajé, mo mu ún lánàá, mo tún dúpẹ́. Ti òní, mo dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Adìyẹ méjì ti lọ ṣà á jẹ, mo ń ṣọ́ wọn látẹnu ọ̀nà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Má pè mí. Ṣọ́ọ̀bù Malume ni fóònù mi wà, ibẹ̀ la ti ń fi iná sí i. Ó di ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní iná ò tíì kún un, pé fóònù kékeré máa ń mu iná díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mu ọmú. Mo ti gbà wọ́n gbọ́ tẹ́lẹ̀. Dẹ́rẹ́bà lọ́rì tíì ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ẹ lówùúrọ̀ ọ̀la.

Likoswe ní lọ́jọ́ Ẹtì a lè pa orúkọ òkú rẹ́ kí wọ́n sì fún mi ní owó Dalitso, àmọ́ àgbà kan láti ìdílé ìyá mi gbọ́dọ̀ dúró tì mí pẹ̀lú káàdì ẹ̀. Ta ló kù? Malume ni, àti ìwọ. O pé ọdún méjìdínlógún lóṣù tó kọjá, ìwọ náà ti dàgbà. Malume ti gbọ́, wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn máa bá mi lọ.

Mi ò kọ̀wé sí ẹ rí kí n má tọrọ owó. Lọ́tẹ̀ yìí, má fi owó ránṣẹ́, fi wọ mọ́tò. Tó bá ṣẹ́ kù, ra ìyẹ̀fun àgbàdo tí a fi ń ro nsima àti iyọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Má gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, gba inú oko tíì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo bí ẹ, Ọlọ́run ò jẹ́ kí n kú sórí ẹ, kó má jẹ́ kí ohun búburú kankan pàdé ẹ lọ́nà.

Máa bọ̀, Tiyamike. Máa bọ̀ lọ́la. Adìyẹ kan ti jókòó, ó gbé orí lélẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá oorun ni.

Ìyá ẹ,
Fanesi