Ilà Ojú Ìyá Mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ekurede

Mo ti ba fọ́tò Ìyá mi jẹ́.

Kọ̀ǹpútà tí ọkọ mi rà nígbà tí owó epo rọ̀bì gbé owó oṣù rẹ̀ sókè ni mo fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fọ́tò ṣe. Fọ́tò kan ṣoṣo tí Ìyá fi sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yà sínú rẹ̀. Nígbà tí mo ń yọ ti bébà kúrò lára gíláàsì férémù tó lẹ̀ mọ́, ó fàya. Mi ò bìkítà, mo dà á nù, ó kúkú ti wà nínú kọ̀ǹpútà.

Láàárọ̀ yìí mo nu gbogbo ibi tó ti sán, mo sì pa á mọ́ sórí ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì pa rẹ́. Inú mi dùn.

Ẹ̀gbọ́n mi yà láti Effurun, wọ́n wò ó títí.

“Àbàjà Ìyá dà?”

Mo ti nu ilà mọ́ ibi tó sán.

Mo fi máòsì fa ilà padà títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ó dà bí ibi tí ológbò ha. Mo bi wọ́n bóyá mẹ́ta ni àbí mẹ́rin. Wọn ò lè sọ. Èmi náà ò rántí. Mo pa ilà tí mo fà rẹ́.

Ọmọ mi, tí kò bá Ìyá láyé, wo ojú dídán yẹn.

“Mummy, leave am so. Grandma fine.”

Ojú tí yóò máa pè ní ti Ìyá nìyẹn.